Èdè Bàbá Mi àti Èdè Fátímọ̀

Ilé wa ní Ẹdẹ kì í pariwo. Ẹni tó bá mọ agbo ilé Yorùbá lè ní irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn ẹbí tó yẹ kó kún inú rẹ̀ ti tú ká, àwọn kan wà ní oko kòkó, àwọn mìíràn ti bá òwò lọ sí Kánò, ó wá ku èèyàn mẹ́ta péré: ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, bàbá mi fúnra wọn, àti èmi. Ìyá tèmi ti kú kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mi ò mọ ojú wọn, mi ò mọ ohùn wọn, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn létí mi. Ohun tí mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà tó ń họ ilẹ̀ àgbàlá, ìpè ìrun láti mọ́sálásí, lẹ́yìn náà fèrè ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó. Kí fèrè yẹn tó dún, bàbá mi á ti gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ, nítorí àwọn ni wọ́n ń tẹ wáyà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Láyé ìgbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ bá yá, wáyà là ń tẹ̀. Bàbá mi á máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ irin kékeré kan, kí-kí-kà, kí-kà, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé Ìbàdàn tàbí Jẹ́bà kí ẹni tó mú un wá tó bọ́ sí títì. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń bá àwọn tí wọn ò rí sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wá délé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á kí Ìyá Àgbà, wọ́n á bi mí bóyá mo lọ sílé-ìwé, wọ́n á jẹun, ó parí.

Ojú ọmọdé ni mo fi ń wo ìdákẹ́jẹ́ yẹn nígbà náà, mo sì rò pé bí gbogbo bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn. Èmi ni mò ń pọn omi, èmi ni mò ń fọ abọ́, èmi ni mò ń lọ ata lórí ọlọ. Bí mo bá ṣe tán, màá jókòó ti Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń ran òwú, màá máa wo bí igi ìrànwú náà ṣe ń yí. Wọn kì í jẹ́ kí n káàánú ara mi. Bí mo bá ń sunkún pé ọmọ ẹnìkan lù mí, wọ́n á ní, “Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí ò níyàá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Nu ojú ẹ.” Ọ̀rọ̀ yẹn le, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń nu ojú náà fún mi kò le rárá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tú ahọ́n bàbá mi, Ẹsiperánto sì ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ yẹn rí, kó má ṣe tijú, nítorí gbogbo Ẹdẹ ni kò gbọ́ ọ rí. Dókítà ojú kan ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó ló jókòó ṣe èdè náà. Ìlú tí wọ́n bí i sí, oríṣiríṣi èèyàn ló wà níbẹ̀, olúkálùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀, wọ́n sì ń kórìíra ara wọn. Ó wá rò ó pé bí òun bá ṣe èdè tuntun kan tí kì í ṣe ti ìyá ẹnikẹ́ni, kò ní sí ẹni tí yóò fi í jẹ ọ̀gá lórí ẹnìkejì. Akọ̀wé ojú irin kan tí òun àti bàbá mi jọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó ló fún wọn ní ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n, wọ́n ti gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọn ò mọ̀ rí: ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní ilẹ̀ kan, obìnrin olùkọ́ ní òmíràn, afọ́jú kan tí ọmọ rẹ̀ ń bá a kọ lẹ́tà. Ìràwọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lára fìlà wọn, kí ẹni tó bá gbọ́ èdè náà lè dá wọn mọ̀. Ọdọọdún ni ọkọ̀ ojú irin ń kó èèyàn gba iwájú wọn kọjá, kò sí ẹnì kan tó dá ìràwọ̀ náà mọ̀ rí.

Mo kọ́ èdè náà nítorí òun nìkan ni bàbá mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Bí a bá ti kí ìrun àsárì tán, wọ́n á pè mí sí ìsàlẹ̀ igi ọsàn, wọ́n á ní, “Omi?” Màá ní, “Akvo.” “Ilé?” “Domo.” Gbogbo orúkọ ohunkóhun ló ń parí sí o, òfin kan kì í yẹ̀. Bí o bá ti mọ ọ̀rọ̀ kan, o ti mọ òdì rẹ̀: ohun tó dára ni bona, ohun tí kò dára ni malbona. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ní agídí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn ohun tí kì í bá a jà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú gba tíṣà ìṣirò láti òkè òkun. Ilé tí wọ́n ń kọ́ fún un kò tíì ní òrùlé, wọ́n bá bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kó lo yàrá méjì iwájú ilé wa. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe dé nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ní ará Íńdíà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Tíṣà Yúsúfù fúnra rẹ̀ sọ fún bàbá mi pé Kàṣímírì ni ìlú àwọn, lórí òkè, níbi tí òtútù ti ń mú omi dì bí òkúta. Ọkọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ìyàwó kò gbọ́ ju “good morning” lọ. Fátímà lorúkọ rẹ̀, Ìyá Àgbà sì yí i sí Fátímọ̀ lọ́jọ́ tó dé. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Nígbà náà mò ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Bí mo bá ń pè é ní “ó” níhìn-ín, ẹ má bínú, ọjọ́ orí mi lónìí ti tó láti bí ìyá rẹ̀, bí mo bá sì ń rántí rẹ̀, bí ọmọ mi ni mo ṣe ń rí i.

Ọkọ rẹ̀ á ti jáde kí oòrùn tó là. Fátímọ̀ á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á gbé ọwọ́ lé orúnkún. Kò mọ ọjà, kò mọ ọ̀nà, àwọn obìnrin tó bá ń kọjá á kí i, á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á lọ. Mo máa ń gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣan ìrẹsì. Ọjọ́ kan mo sá lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní orí obìnrin yìí ti dàrú.

“Orí rẹ̀ ò dàrú,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀ tí kò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Ìwọ náà, bí a bá mú ọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ohun tí ‘omi’ jẹ́, o ò ní máa bá igbá sọ̀rọ̀?”

Bí ọkọ rẹ̀ bá wá dé nírọ̀lẹ́, àá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀rọ̀ á máa tú jáde, ìkan á máa gun orí ìkan, bí òjò tó dé lẹ́yìn ọ̀dá tó bo gbogbo páànù lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi á dá ṣíbí dúró nínú abọ́, wọ́n á máa fetí sí i. Wọn ò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa fetí sí i.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ò sí, bàbá mi wọ bùbá tuntun, wọ́n dé fìlà oníràwọ̀, wọ́n sì lọ kí wọn. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró níwájú Fátímọ̀, wọ́n sì kí i ní Ẹsiperánto, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin dání. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọjọ́ náà. Àlejò láti òkè òkun, tó wọ inú ilé wọn gan-an. Fátímọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé èdè wo nìyẹn. Bàbá mi ṣàlàyé. Tíṣà Yúsúfù jẹ́ ọmọlúwàbí, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní òun ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n sì padà sí yàrá. Wọn ò pè mí sábẹ́ igi ọsàn lọ́jọ́ náà, wọn ò pè mí lọ́jọ́ kejì.

Iyọ̀ ló mú èmi àti Fátímọ̀ di ọ̀rẹ́. Mo rí i tó ń bu iyọ̀ sínú tíì, mo pariwo pé ìyẹn kọ́ ni ṣúgà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bù ú fún mi. Iyọ̀ náà ni lóòótọ́, mílíìkì sì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mu ún nílé wọn nìyẹn. Ó tọ́ka sí iyọ̀, ó ní, “Nuun.” Mo ní, “Iyọ̀.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Omi, aab. Ẹ̀fọ́, haak, ẹ̀fọ́ ilé wọn náà ló ń fi tẹ̀tẹ̀ tiwa sè, omi àti òróró àti ata nìkan, kò fi iru sí i. Bí ẹ̀rọ omi ìta bá gbẹ tí mo gbé garawa òfìfo dé, á ní, “Aab chu ni,” pé omi ò sí. Bí búrẹ́dì bá tán, á ní “che ni,” kì í ṣe “chu ni,” nítorí wọ́n ka omi sí akọ, wọ́n sì ka búrẹ́dì sí abo. Mo bi í pé kí nìdí. Ó gbé èjìká. Kò mọ̀. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ tí mò ń ka gbogbo èyí nídìí ọlọ, wọ́n dúró. Wọ́n ní, “Tún un wí.” Mo tún un wí. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọn ò tíì lò jáde, wọ́n fi rúlà fa ìlà méjì sí ojú ewé rẹ̀ kó lè pín sí mẹ́ta: Yorùbá, Ẹsiperánto, Kàṣímírì. Bí ayọ̀ ṣe wọ ilé wa fún oṣù mélòó kan nìyẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi, a ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, Tíṣà Yúsúfù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lápá kan, bàbá mi pẹ̀lú ìwé wọn lápá kejì, Ìyá Àgbà pẹ̀lú òwú wọn, èmi láàárín. Bàbá mi rí i pé lẹ́tà wa àti ti Gẹ̀ẹ́sì ò tó láti kọ ohùn Fátímọ̀, wọ́n bá yá lẹ́tà Ẹsiperánto tó máa ń dé fìlà lórí. Nínú Ẹsiperánto àti Kàṣímírì, wọ́n ní, kò sí èyí tó ń kọrin bíi Yorùbá: bí o gbé ohùn sókè, bí o gbé e sísàlẹ̀, aab omi ṣì ni, akvo omi ṣì ni. Bí wọ́n bá wá rí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, ojú wọn á mọ́lẹ̀. “Ẹ̀ta” ni tri ní Ẹsiperánto. Fátímọ̀ náà ní tri, àfi pé ó gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà mì. Ohun tuntun ni nova. Fátímọ̀ ní nov. Eyín ni dento. Fátímọ̀ ní dand.

“Ìyá, ẹ ò rí i?” ni bàbá mi wí. “Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó ṣe Ẹsiperánto bu lára àwọn èdè òyìnbó, àwọn èdè òyìnbó àti èdè Fátímọ̀ sì ti jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan nígbà ìwáṣẹ̀.”

Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. “Báwo lọmọdé ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì?”

Tíṣà Yúsúfù túmọ̀ ìbéèrè náà fún ìyàwó rẹ̀. Ó dáhùn pé ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹgbẹ́ ẹni, òmíràn wà fún àgbà, àti pé ẹni tó bá fi ti ẹgbẹ́ pe ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n á gbá a létí. Ìyá Àgbà mi orí, wọ́n ní, “Ìyẹn èdè ni.” Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. “Tìrẹ ńkọ́?”

“Vi ni, Ìyá. Fún gbogbo èèyàn.”

“Fún ọba?”

“Vi náà ni.”

“Fún Ọlọ́run?”

“Vi ni, Ìyá.”

“Àwọn tó ṣe é ò ní àgbà nílé.”

“Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn,” ni bàbá mi fèsì. Ohùn wọn rẹlẹ̀. “Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi, ‘bọ́ì’ ló ń pè mí, èmi ń pè é ní ‘sà’. Bí ó bá gbọ́ èdè yìí, vi ló máa pè mí. Èmi náà, vi ni màá pè é.” Ìyá Àgbà ń ran òwú wọn lọ. Wọn ò jiyàn mọ́.

Ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan òjò dídì tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Bàbá mi mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti kà á nínú lẹ́tà: neĝo. Fátímọ̀ ní ŝiin. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi ìka ṣe bó ṣe ń bọ́, díẹ̀díẹ̀, láìdún; ó fi hàn wá bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi ẹyin iná sínú ìkòkò amọ̀ tó wà nínú agbọ̀n kékeré, tí wọ́n á gbé e sábẹ́ aṣọ kí ikùn lè móoru. Ìyá Àgbà ní àwọn ò ní gbé iná sábẹ́ aṣọ láé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mò ń wo bàbá mi. Wọ́n ń wo ọwọ́ Fátímọ̀, wọ́n ń wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tí mo rí lójú wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ní, àmọ́ ọ̀kan ní in nítorí pé ohun náà ti bọ́ lé e lórí.

Èmi ni mo ba ọjọ́ kan jẹ́. A dé orí ọ̀rọ̀ bàbá àti ìyá. Fátímọ̀ ní mol fún bàbá, ó ní moj fún ìyá. Bàbá mi kọ patro sílẹ̀ fún bàbá, wọ́n sì kọ patrino fún ìyá. Mo ní, “Bàbá, bàbá náà ni ẹ tún kọ, ẹ kàn fi ìrù sí i.” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló rí, bí a bá fẹ́ sọ ohunkóhun di abo, ìrù yẹn là ń fi sí i. Mo ní, “Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ tí í ṣe ti ìyá fúnra ẹ̀?” Ìyá Àgbà ní, “Nínú èdè yẹn, bàbá ló bí ìyá.” Tíṣà Yúsúfù rẹ́rìn-ín nígbà tó yé e. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní oòrùn ti ń wọ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀.

Nígbà tí òjò dé, Tíṣà Yúsúfù lọ sí Ìbàdàn láti máàkì ìwé ìdánwò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣáájú ìgbà náà, lẹ́tà ti wá láti ilé wọn pé ara ìyá Fátímọ̀ ò yá. Ó ti fi hàn mí bí ìyá náà ṣe ń wúkọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, à ń ṣa ẹ̀fọ́, mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ bàbá mi wọ àgbàlá. Wọn kì í wálé lọ́sàn-án. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n ń kọjá lọ́dọ̀ wa, ìwé wáyà wà lọ́wọ́ wọn. Etí wọn ló ti gbọ́ ọ, ọwọ́ wọn ló kọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà ni wọ́n ń lọ bá, kí wọ́n lè gba ìmọ̀ràn, nítorí a kì í ṣàdédé túfọ̀ òkú fún èèyàn. Ṣùgbọ́n Fátímọ̀ ti rí ìwé náà. Ó dìde, ẹ̀fọ́ dà sílẹ̀.

Ó ní, “Moj?”

Bàbá mi la ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, Ẹsiperánto wà níbẹ̀, kò sí èyí tó wúlò. Wọ́n wò mí. Fátímọ̀ náà wò mí. Kò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ikú rí. Ta ló ń kọ́ ọmọ ọmọlọ́mọ nírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo wá a títí, ohun tí mo rí náà ni ohun tí à ń sọ bí garawa bá ṣófo. Mo ní, “Moj che ni.” Ìyá ò sí.

Fátímọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kúkúrú, pẹ̀lẹ́, ó ń wò mí lójú bó ṣe máa ń wò mí bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ pè tó sì fẹ́ tún un ṣe fún mi. Bí mo ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń pe ikú ní Kàṣímírì nìyẹn. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí, mi ò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ó wá jókòó sórí ẹ̀fọ́, ó fi ìborùn bo ojú.

Ìyá Àgbà jáde wá. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú eegun arúgbó wọn, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan. Nígbà tó pẹ́, Fátímọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Dua.” Ìyá Àgbà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àdúà.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn Lárúbáwá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàbá mi sì dúró tì wọ́n, ìwé wáyà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohunkóhun.

Ìyá Àgbà ò dúró de ọkọ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ààfáà, wọ́n sọ ẹ̀wà sómi fún àkàrà, wọ́n sì ṣe fìdáù ní àgbàlá wa fún obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ní Ẹdẹ ò rí rí. Ààfáà béèrè orúkọ olóògbé. Èmi ni mo pè é, ààfáà pè é tẹ̀ lé mi, kò sì pè é dáadáa, Fátímọ̀ sì ní “àmín.” Àwọn obìnrin àdúgbò tí kì í dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wọn ló jókòó títí tí a fi pín sàárà tán. Ọjọ́ kẹta ni Tíṣà Yúsúfù dé. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ lẹ́tà lójoojúmọ́, oòrùn á bá wọn nídìí rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kọ̀wé. Obìnrin olùkọ́ kọ̀wé. Afọ́jú náà ní kí ọmọ òun kọ ọ́ pé ìyá òun náà kú nígbà tí òun wà lókèèrè. Fátímọ̀ ni gbogbo wọn kọ ọ́ sí, sí ilé wa, ní Ẹdẹ, ní Ẹsiperánto. A tún tẹ́ ẹní. Bàbá mi á ka gbólóhùn kan, màá yí i sí ìwọ̀nba Kàṣímírì tí mo gbọ́, Tíṣà Yúsúfù á tún un ṣe. Fátímọ̀ gba káàdì kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ pa á, ó sì bi bàbá mi, láti ẹnu mi, pé ṣé ará ilé kan náà ni gbogbo àwọn yìí.

Bàbá mi yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé rárá. Wọn ò mọ ara wọn.”

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Láti ìgbà tí wáyà ti dé, mi ò tíì gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé parí ọdún, Tíṣà Yúsúfù rí iṣẹ́ mìíràn tó sún mọ́ ilé wọn. A sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyá Àgbà ò lè rìn dé ibẹ̀, ilé ni wọ́n ti súre fún wọn. Fátímọ̀ wọ inú ọkọ̀, ó yọrí lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀sọ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Fèrè dún. Ọkọ̀ fà. Ó ṣì ń sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ wa já.

Bàbá mi ò gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń tì í, mò ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a dé ìdí afárá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Kí ló sọ?”

“Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, Bàbá. Ó yá jù.”

Wọ́n dúró, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ara afárá. Omi ti kún nísàlẹ̀, ó pọ́n bí ilẹ̀ oko.

“Èmi náà ò gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá rẹ sọ kẹ́yìn,” ni wọ́n wí. “Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Kí n tó délé, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó yé mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí o dákẹ́ jù.”

Mo wo omi.

“Èmi ni mo wá lọ dákẹ́,” ni wọ́n wí.

A dúró síbẹ̀ títí obìnrin kan tó ru igi fi kọjá, tó kí wa, tí bàbá mi sì dá a lóhùn. Wọ́n mú kẹ̀kẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, ní Yorùbá Ẹdẹ tí gbogbo ayé ń sọ, bí ìyá mi ṣe ń rìn, orin tí wọ́n máa ń ṣì kọ, bí wọ́n ṣe bá akọ̀wé ojú irin kan jà nítorí ewúrẹ́, irú aṣọ tí wọ́n fi gbé mi pọ̀n. Ohùn wọn há níbẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọn ò ti ṣí. Nígbà tí a fi máa dé ìta ilé wa, ó ti ń já geere, Ìyá Àgbà sì ti jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fetí sí ẹni tó ń bọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.